Skoda 120 ọdún 1984: Ìjàpá tí mo fi ń sáré láàárín kóònù

Ọjọ́ tí mo fi fídíò mọ́tò yìí ránṣẹ́ sí màmá mi nílé, ohùn tí wọ́n fi dá mi lóhùn ò tó ìṣẹ́jú kan: "Ṣé Ìjàpá bàbá ẹ náà lo tún wá lọ rà nílùú òyìnbó?" Mo pè wọ́n padà, mo ní mámà kì í ṣe Volkswagen o, Skoda ni. Wọ́n ní ibo lẹ́ńjìnnì ẹ̀ wà? Mo ní ẹ̀yìn ni mà. Wọ́n ní ibo ni bùútù wà? Mo ní iwájú ni. "Ẹn-ẹ́n, Ìjàpá ni."

Mi ò tiẹ̀ lè bá wọn jiyàn. Ẹni tó bá fi Volkswagen Ìjàpá lọ síléèwé láyé ìgbà yẹn ti mọ ìdajì nínú Skoda 120 láìtíì fojú kàn án rí. Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ síra ni pé afẹ́fẹ́ ló ń tu ẹ́ńjìnnì Ìjàpá lára, omi ló ń tu ti Skoda lára, omi yẹn gan-an ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ lé mi kúrò nídìí mọ́tò yìí pátápátá, màá dé bẹ̀.

Skoda 120L ni mo rà, ọdún 1984, ẹ́ńjìnnì 1174 cc, jíà mẹ́rin, kábúrétọ̀ Jikov, àwọ̀ pupa tó ti ṣá títí tó fi dà bí ọsàn. Pọ́n-ùn 3,200 ni mo san fún bàbá òyìnbó kan tó fi ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Estelle ni wọ́n ń pè é ní Britain níbí nígbà tí wọ́n ń tà á, ní Mladá Boleslav ní Czechoslovakia àtijọ́ ni wọ́n ti ń ṣe é, láti 1976 títí wọ 1990, ó sì wà lára mọ́tò tuntun tó rọjú jù lọ nígbà yẹn, ìyẹn làwọn òyìnbó ṣe fi ṣe yẹ̀yẹ́ dọ́ba. Títí dòní, mi ò lè ra epo kí bàbá àgbàlagbà kan má wá bi mí pé ṣé mo mọ ìdí tí gíláàsì ẹ̀yìn Skoda fi ń gbóná, á ní kọ́wọ́ àwọn tó ń tì í má baà tutù ni. Mo máa ń rẹ́rìn-ín bí ẹni pé mi ò gbọ́ ọ rí.

Yẹ̀yẹ́ ni o, àmọ́ àwọn tó ń fi mọ́tò yìí sáré ò rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ kan wà tó ń jẹ́ 130 RS, ẹ́ńjìnnì ẹ̀yìn náà ni, 1289 cc péré, ó lọ ràlí Monte Carlo ní 1977, ó gba ipò kìíní àti ìkejì nínú ọ̀wọ́ tiẹ̀, nígbà tó sì di 1981, òun ló gba ife àwọn iléeṣẹ́ mọ́tò ní European Touring Car Championship, níbi táwọn mọ́tò tí ẹ́ńjìnnì wọn tóbi jù ú lọ wà o. Torí náà ìdílé eléré ni mo ra mọ́tò láti inú ẹ̀, bí tèmi tiẹ̀ jẹ́ àbúrò tó ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì.

Eré tí mò ń fi í sá, Autosolo ni wọ́n ń pè é, ẹ má rò pé ràlí inú igbó ni. Wọ́n á to kóònù, irú èyí tí wọ́n fi ń dínà lójú títì, sórí ilẹ̀ ńlá kan, ibi tí mo máa ń lọ jẹ́ pápákọ̀ òfúrufú àtijọ́ tí ò sí bàálù níbẹ̀ mọ́, wọ́n á fún ẹ ní bébà tí wọ́n ya ọ̀nà sí, wàá gba ọ̀nà yẹn kọjá bó o ṣe lè yára tó, ìwọ àti aago nìkan. Tó o bá gbá kóònù, ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún ni wọ́n máa ń fi kún tiwa, tó o bá sì ṣìnà o ti kan án nìyẹn. Mọ́tò tó o fi wá síbẹ̀ náà lo máa fi sá, òun náà lo máa fi gbé ara ẹ relé. Wàá wọ ẹgbẹ́ kan, wàá gba láísẹ́ǹsì RS Clubman lọ́wọ́ Motorsport UK, àjọ tó ń bójú tó eré mọ́tò níbí, ọ̀fẹ́ ni, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń gbà á. Ìyàwó mi ní "Bàbá Ìbejì, gbogbo ariwo yìí torí kóònù?" Mo ní kó wá jókòó kó wò ó. Ìbejì ló wá, àwọn ló ń ka kóònù tí mo gbá, wọn ò sì ṣojúsàájú rárá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń sáré torí ohun téèyàn ń rà gan-an nìyẹn. Mọ́tò ọ̀hún fúyẹ́, kò tó 900 kílò, gbogbo ìwúwo ẹ̀ sì wà nídìí, torí náà tó o bá ń gbéra lórí ilẹ̀ tútù, àwọn mọ́tò tó ń fi iwájú fà á máa pariwo níbì kan náà, tìrẹ ti lọ. Sítíárìn ẹ̀ fúyẹ́ bí ìyẹ́, kò nílò pawà kankan. Ibẹ̀ ni oríire parí sí. Ẹ́ńjìnnì yẹn ò lágbára, agbára ẹṣin ẹ̀ kò ju àádọ́ta àti díẹ̀ lọ, mi ò ní parọ́ fún yín. Iwájú tó fúyẹ́ yẹn náà, tójò bá ti rọ̀ wàá yí sítíárìn, mọ́tò á kọ́kọ́ ronú sí i. Tí mo bá ń rìnrìn àjò lọ́jọ́ ojú ọjọ́ ò dáa, mo máa ń gbé àpò ìrẹsì 25 kílò sínú bùútù iwájú, kì í ṣe pé mò ń lọ òde àríyá. Lọ́jọ́ eré wọn ò ní gbà fún ẹ, gbogbo ohun tó lè yí kiri nínú mọ́tò gbọ́dọ̀ jáde.

Èyí tó wá le níbẹ̀ ni ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn 120, ìdí jíà nìkan ló ti ń ṣẹ́po, kò ní oríkèé míì lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà. Ẹ wo adìyẹ tẹ́ ẹ bá gbé e sókè, ṣé ẹ rí bó ṣe ń ká ẹsẹ̀ sábẹ́? Bí táyà ẹ̀yìn mọ́tò yìí ṣe ń ṣe nìyẹn tí ìdí ẹ̀ bá gbéra. Kí ló ń jẹ́ kí ìdí gbéra? Ìwọ ni. O ti wọ kọ́nà, eré pọ̀, ẹ̀rù bà ẹ́, o yọ ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́rótù lójijì, ìwúwo sáré lọ síwájú, ìdí fúyẹ́, táyà kásẹ̀ sábẹ́, kó o tó pe Jésù ẹ̀yìn ti ṣáájú iwájú. Ní oṣù àkọ́kọ́ mo yí bírí bí òkòtó lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárọ̀ ọjọ́ kan. Bàbá kan tó ti ń fi irú ẹ̀ sáré kí wọ́n tó bí mi wá bá mi, ó ní bíréèkì ìlà tààrà ni kí n máa tẹ̀, kí n parí gbogbo ìdádúró kí n tó yí sítíárìn, tí mo bá ti wọlé kí n gbé ẹsẹ̀ lé tọ́rótù jẹ́jẹ́ kí n má sì yọ ọ́ títí màá fi rí ọ̀nà àbájáde. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ là ń pa àmúkùrù ẹ̀pọ̀n. Ọjọ́ tí mo gbọ́ràn sí i lẹ́nu ni aago mi fi ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta já lulẹ̀, mi ò fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì rárá.

Táyà náà ńkọ́. Mo máa ń fi 20 psi síwájú, 28 sẹ́yìn, ẹ má dọ́gba wọn láé, ẹni tó bá fún yín ní gééjì kan náà fún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fẹ́ kẹ́ ẹ yí bírí ni.

Ó ti tó ká sọ̀rọ̀ omi. Ẹ́ńjìnnì wà lẹ́yìn, rádíétọ̀ wà níwájú, páìpù gígùn méjì ló so wọ́n pọ̀ lábẹ́ mọ́tò, hítà tún wà láàárín. Ọ̀nà tó jìn tó bẹ́ẹ̀, afẹ́fẹ́ á ríbi sá pamọ́ sí. Ọdún tó kọjá mo gbé e lọ sí gárééjì kan nítòsí ilé kí wọ́n bá mi pààrọ̀ họ́ọ̀sì kan, àwọn ọmọ náà mọṣẹ́, mọ́tò ayé òde òní ni wọ́n ṣáà ń tún ṣe, wọ́n da kúlántì sí i títí ó fi kún, wọ́n gbowó. Mo dé títì márosẹ̀ M62, mo ri pé hítà ń fẹ́ afẹ́fẹ́ tútù bẹ́ẹ̀ mo tan án sí gbígbóná, mo ní ó tún kú o. Ọwọ́ aago ooru gòkè, ó gòkè, ó wá já wálẹ̀ lójijì. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run! Ẹ wo òpònú. Ó já wálẹ̀ torí pé kò sí omi kankan mọ́ níbi tí sẹ́ńsọ̀ yẹn wà, afẹ́fẹ́ ló ń wọ̀n. Nígbà tí mo fi máa dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì ti lọ. Mo yọ òṣùwọ̀n ọ́ìlì, ògì ló wà lórí ẹ̀, omi ti pò mọ́ ọ́ìlì.

Ẹ̀gbọ́n kan wà nínú ìjọ wa tó ṣe mẹkáníìkì ní Mọ́kọ́lá n'Ìbàdàn fún ọdún mẹ́tàlá kó tó wá síbí, òun ló bá mi tú u. A ṣí i tán, ó fọwọ́ pa á, ó ní "Ó dáa, orí irin ni wọ́n gbé lé ikùn alumíníọ̀mù yìí? Tọkọtaya tí wọn kì í jọ gbóná, ṣe lo fẹ́ kí wọ́n má jà?" Mo ní ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣáà bá mi parí ìjà wọn. Bẹ́ẹ̀ ló sì rí o. Alumíníọ̀mù máa ń fẹ̀ ju irin lọ tó bá gbóná, gásíkẹ́ẹ̀tì ló wà láàárín wọn tó ń jìyà, tí ooru bá ti kọjá àlà lẹ́ẹ̀kan, ó parí. Láínà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìyẹn òpó tí písítínì ń rìn nínú ẹ̀, náà ò lẹ̀ mọ́ bulọ́ọ̀kù, ìyẹn ikùn ẹ́ńjìnnì, inú omi ni wọ́n dúró sí, wọ́n gbọ́dọ̀ yọrí díẹ̀ kọjá ojú bulọ́ọ̀kù kí gásíkẹ́ẹ̀tì lè rí nǹkan bù jẹ, gbogbo wọn sì gbọ́dọ̀ yọrí dọ́gba. A gbé irin tó tọ́ lé e lórí, a fi gééjì pẹlẹbẹ wọ̀n ọ́n, ọ̀kan ti rì. Èyí tí ò yọrí yẹn ni omi gbà wọlé. A yọ ọ́, a fi ṣímù tuntun, ìyẹn òrùka tín-ínrín, sábẹ́ ẹ̀, a wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Tẹ́ ẹ bá kan pààrọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì lásán tẹ́ ò wọn láínà, oṣù méjì lẹ máa padà síbẹ̀, mo mọ ẹni tó ti ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́rin.

Bá a ṣe ń yọ afẹ́fẹ́ báyìí: mo máa gbé imú mọ́tò sókè dáadáa, mo tan hítà sí gbígbóná jù, mo ṣí skúrúù afẹ́fẹ́ òkè rádíétọ̀, mo ń da kúlántì díẹ̀díẹ̀ títí ohun tó ń jáde níbẹ̀ á fi jẹ́ omi nìkan tí ò ní fóòmù, ẹ́ńjìnnì á ṣiṣẹ́ díẹ̀, màá tún un ṣe. Ìdajì wákàtí ni. Hítà ni ẹlẹ́rìí yín, tó bá ń fẹ́ tútù, afẹ́fẹ́ ṣì wà níbì kan. Ẹ̀gbọ́n mi yìí kọ́kọ́ fẹ́ yọ tẹ́mósítáàtì, ohun tó ń dá omi dúró kí ẹ́ńjìnnì lè tètè gbóná, dànù bí wọ́n ṣe ń ṣe nílé, mo bẹ̀ ẹ́, òtútù ibí yìí á pa ẹ́ńjìnnì yẹn kó tó gbóná. Omi ẹ̀rọ lásán náà kọ́ o, alumíníọ̀mù inú ẹ̀ á jẹrà, kúlántì gidi ni, kẹ́ ẹ sì máa pààrọ̀ ẹ̀ lọ́dún méjì-méjì.

Ohun tí mo yí padà lára ẹ̀ ò pọ̀, mo mọ̀ọ́mọ̀ ni. Ṣọ́ọ̀kì tuntun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni mo kọ́kọ́ rà, tẹ̀yìn le ju tiwájú lọ. Mo mú ìdí wálẹ̀ díẹ̀ kí táyà ẹ̀yìn lè ti dúró bí ẹni tó ya ẹsẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, kó lè pẹ́ kó tó kásẹ̀ sábẹ́, ìyẹn nìkan sọ mọ́tò di èèyàn. Bọ́ṣìn iwájú tuntun, bíréèkì páàdì tó dáa, páìpù bíréèkì tuntun torí èyí tó wà níbẹ̀ ti dógùn-ún, síìtì tó dì mí mú. Rìímù ló gba sùúrù: ihò mẹ́rin 130 mílímítà ni Skoda yìí ń lò, ilé ìtajà ò ní i. Ẹ mọ mọ́tò míì tó ń lo 130 mẹ́rin? Ìjàpá! Volkswagen Ìjàpá láti ìparí àwọn ọdún 1960 lọ. Mo rí rìímù Ìjàpá méjì tó fẹ̀ díẹ̀ lọ́wọ́ ẹnì kan ní Bradford, mo wọn ihò àárín ẹ̀ dáadáa kí n tó sanwó, kẹ́yin náà wọ̀n ọ́n, mo sì fi fọ́tò ránṣẹ́ sí mámà. Wọ́n ní ṣé àwọn ò sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ́ńjìnnì ńkọ́? Gbogbo èèyàn ló ń bi mí. Orí ẹ́ńjìnnì ti 120 yìí, ọ̀nà tí epo ń gbà wọlé, písítínì méjì-méjì ló ń pín in lò, bí ilé tí ìdílé méjì ń lo bàlúwẹ̀ kan, kò sí bó o ṣe fẹ́ fá a tó tó máa mí dáadáa. Ọ̀nà tó wà ni pé kó o lọ wá ẹ́ńjìnnì 1289 cc pẹ̀lú orí alumíníọ̀mù olójú mẹ́jọ, tí písítínì kọ̀ọ̀kan ní ọ̀nà tiẹ̀, ti Favorit, ìyẹn Skoda tí wọ́n gbé jáde ní 1987, ìdílé ẹ́ńjìnnì kan náà ni. Àwọn tó ti ṣe é ń gbádùn ara wọn. Èmi ò tíì ṣe é torí mi ò tíì lè lo gbogbo àádọ́ta tí mo ní. Tó o bá sì lè rí ìdí Rapid 130 tàbí 136, Skoda ẹlẹ́ńjìnnì ẹ̀yìn míì, odindi, gbé e kíá, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tiwọn kì í kásẹ̀ bí adìyẹ, jíà márùn-ún ni wọ́n ní, ìyẹn dáa ju ẹ́ńjìnnì lọ lójú tèmi. Ẹ rántí pé mọ́tò tó bá ti lé lógójì ọdún ò san owó títì mọ́, kò sì pọn dandan kó lọ MOT, ìyẹn àyẹ̀wò mọ́tò ọdọọdún, àmọ́ tẹ́ ẹ bá yí i padà jù, ẹ̀tọ́ MOT yẹn lè bọ́ lọ́wọ́ yín. Èmi ṣì ń gbé e lọ MOT lọ́dọọdún, pẹ̀lú irú ẹsẹ̀ ẹ̀yìn yẹn. Gbogbo ohun tẹ́ ẹ bá yí padà kẹ́ ẹ sọ fún àwọn ìnṣọ́ráǹsì.

Pátì ò wọ́n, ìyẹn yà mí lẹ́nu. Àwọn ará Czech ò tíì fi mọ́tò wọn sílẹ̀, ohun èlò àtúnṣe kábúrétọ̀ Jikov, bọ́ṣìn, fáànù bẹ́líìtì, gásíkẹ́ẹ̀tì, gbogbo ẹ̀ wà ní tuntun, owó kékeré. Owó àgọ́ aṣọ́bodè ló ń dunni látìgbà tí Britain ti kúrò nínú European Union, torí náà mo máa ń kó oríṣi mẹ́wàá pọ̀ kí n tó ra nǹkan. Ohun tí ò sí ni páànù. Abẹ́ ilẹ̀kùn, ilẹ̀ mọ́tò, etí táyà iwájú, ibẹ̀ ló ti máa ń dógùn-ún, tẹ́ ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ dùbúlẹ̀ sábẹ́ ẹ̀ kẹ́ ẹ tó wo ẹ́ńjìnnì. Ẹ́ńjìnnì ṣeé tún ṣe lórí tábìlì. Ti tèmi gba wẹ́díà ní pọ́n-ùn 700, mo sì rò pé mo ti yẹ̀ ẹ́ wò.

Àbúrò mi kan ń fi Skoda Fabia vRS ọdún 2005 sá eré yìí kan náà, ó ní kí n má kan máa yin arúgbó. Mo wà á. Dísẹ́ẹ̀lì 1.9 ni, agbára ẹṣin 130, jíà mẹ́fà, agbára ìfà 310 Nm, tó o bá finá sí i ní jíà kejì ó dà bí ẹni pé wọ́n ń tì ẹ́ látẹ̀yìn. Lójú títì kò sí ìdíje, ó ń jẹ epo díẹ̀, ó gbé ìyàwó àtọmọ, ó tutù nínú ẹ̀. Àmọ́ láàárín kóònù, ẹ́ńjìnnì irin tó wúwo yẹn ń fa imú ẹ̀ lọ tààrà, o yí sítíárìn ó ń bínú, ó sì máa ń jẹ etí táyà iwájú bí ewúrẹ́. Ìtọ́jú tiẹ̀ náà ò ṣeé fi tàfàlà: bẹ́líìtì tọ́mìn-ín pẹ̀lú wọ́tà pọ́ǹpù lásìkò, ọ́ìlì tó bá ìlànà VW 505.01 mu nìkan, torí káàmù inú ẹ̀ ló ń tẹ ínjẹ́kítọ̀ tó ń fọ́n epo, tó o bá da ọ́ìlì ọjà sí i, káàmù á gé. Bọ́ṣìn apá iwájú tó le díẹ̀ ló kọ́kọ́ yẹ kó o rà. Ó yára jù mí lọ lápapọ̀, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí òjò rọ̀ ní oṣù kẹta, ojú òpó tó kún fún kọ́nà kékeré, mo fi ìṣẹ́jú àáyá kan lé díẹ̀ na án. Kò bá mi sọ̀rọ̀ títí a fi délé.

Tó o bá ń wá mọ́tò tó máa gbé ẹ lọ síṣẹ́ lọ́jọ́ Monday lẹ́yìn eré, má ra 120, ra Fabia. Tó ò bá fẹ́ràn kí ọwọ́ ẹ dọ̀tí, má ra 120. Tó o bá fẹ́ kọ́ mọ́tò wíwà látìbẹ̀rẹ̀, tó o ní ibi tó o lè máa tú u sí, tó o sì lè fara da ọ̀rọ̀ gíláàsì gbígbóná nígbà gbogbo tó o bá ra epo, mi ò mọ ohun tó tún lè kọ́ ẹ ní irú ẹ̀ ní iye owó yìí. Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún un, ọ̀kan tó kù, inú páìpù omi ló wà.

Mo ṣì ń wá ìdérí bùútù iwájú tí ò dógùn-ún, èyí tó ń ṣí sí ẹ̀gbẹ́ bí ìwé yẹn, ti 120 tàbí 105, àwọ̀ tó bá jẹ́ ò kàn mí. Ẹni tó bá ní i ní Yorkshire tàbí Lancashire kó kàn sí mi, màá wá gbé e fúnra mi, tó bá ti lè wọ inú Fabia àbúrò mi.